Èdè Tí Ẹnì Kan Ṣoṣo Ń Sọ

Nígbà tí a wà ní kékeré, bóyá ni ẹnì kan wà nínú wa tí kò sọ ẹnà rí. Bí ìyá ẹni bá wà nítòsí, tí a sì fẹ́ dá ọgbọ́n àtijáde lọ ṣeré, a ó máa fi gá, gẹ́ àti gọ há ọ̀rọ̀ láàárín. "Wá ká lọ" á di "wágá kágá lọgọ". Inú wa á máa dùn pé àwọn àgbà kò gbọ́. Irọ́ ńlá! Àwọn náà ti sọ ọ́ kí wọ́n tó bí wa. Wọ́n kàn ń fi wá ṣe ìran wò ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: ẹnì kan kì í dá sọ ẹnà. Bí èmi bá sọ ọ́, ìwọ ní láti gbọ́, kí o sì fèsì. Bí o bá ní mo ṣì í sọ, mo ṣì í sọ nìyẹn.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí kò ju èyí lọ: ẹni tó jókòó sí yàrá rẹ̀, tó hun èdè kan látinú orí ara rẹ̀, ǹjẹ́ ó ṣẹ̀? Àwọn mìíràn á ní, "Ṣé èyí náà lọ̀rọ̀? Èdè tí kò sí, ta ló pa lára?" Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Dókítà ojú kan wà ní ìlú Warsaw, Zamenhof lorúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1887 ó gbé èdè kan jáde tí gbogbo ayé mọ̀ sí Esperanto. Òun ló hun ún, òun náà ló sì sọ pé òun ló hun ún. Ẹni tó wù ú kọ́ ọ, ẹni tí kò wù fi í sílẹ̀. Títí di òní olónìí, àwọn èèyàn ń fi í kọ lẹ́tà síra wọn. Ta ló jẹ́ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní òpùrọ́? Kò sí. Nítorí náà, èdè híhun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ibo wá ni ẹ̀ṣẹ̀ ń gbà wọ̀ ọ́? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín, lẹ́yìn náà kí n sọ tèmi, nítorí ìtì igi ń bẹ lójú tèmi náà.

Ní ọdún 1703, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. George Psalmanazar ló ń pe ara rẹ̀. Ó ní ọmọ erékùṣù Formosa ni òun. Formosa yìí náà ni à ń pè ní Táíwàn lónìí, erékùṣù tó wà nínú òkun létí ilẹ̀ Ṣáínà. Àwọn Potogí ló sọ ọ́ ní Formosa, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "arẹwà". Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó ti dé ibẹ̀ rí kò wọ́pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rárá. Ọkùnrin tí mo ń sọ yìí pàápàá kò débẹ̀ rí! Apá gúúsù ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bí i, òyìnbó funfun báláú ni. Nígbà tí wọ́n bi í pé báwo ni ará Éṣíà ṣe funfun tó bẹ́ẹ̀, ó ní àwọn ọlọ́lá ìlú òun kì í jáde sóòrùn, pé abẹ́ ilẹ̀ tó tutù ni wọ́n ń gbé. Àwọn èèyàn mi orí, wọ́n gbà á gbọ́.

Báwo ló ṣe di ọmọ Formosa? Ibí yìí gan-an ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ ń rìn kiri tó ń tọrọ bárà lójú ọ̀nà ilẹ̀ Yúróòpù, ó jí aṣọ àti ọ̀pá arìnrìn-àjò mímọ́ kan gbé nínú ilé ìsìn, ó ní ọmọ Ireland ni òun, òun ń rìnrìn-àjò ìsìn lọ sí Róòmù. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ Ireland pọ̀ lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ ilé, ẹnu rẹ̀ á wọ́. Ló bá fi Ireland sílẹ̀, ó di ará Jàpáánì. Nígbà tó yá, ó tún sún síwájú díẹ̀, ó di ará Formosa. Ṣé ẹ rí i? Òpùrọ́ yìí kò wá ìlú tó lówó, kò wá ìlú tó lókìkí. Ìlú tí kò ní ẹlẹ́rìí nítòsí ló ń wá.

Nígbà tó wà láàárín àwọn sójà ní ìlú Sluis, ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, àlùfáà àwọn sójà kan, ará Scotland tó ń jẹ́ Innes, fura sí i. Ó mú ìwé Cicero, ọlọ́gbọ́n ará Róòmù àtijọ́, ó ní kó túmọ̀ ibì kan nínú rẹ̀ sí èdè Formosa. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe é kíá. Nígbà tó ṣe, àlùfáà ní kó tún un túmọ̀ lẹ́ẹ̀kejì láìwo ti àkọ́kọ́. Wọ́n gbé ìwé méjèèjì síra: ó ju ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ tí kò bára mu. Àṣírí tú! Ẹ̀yin á rò pé àlùfáà á pariwo olè. Rárá o. Ó kìlọ̀ fún un ni pé kó máa ṣọ́ra, kó máa rántí ohun tó bá ti sọ. Ó ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù bí kèfèrí tí òun yí lọ́kàn padà. Wọ́n fi àlùfáà náà joyè fún iṣẹ́ rere tó ṣe.

Ní 1704, Psalmanazar gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí Formosa. Gbogbo ohun tí ìlú ní ló wà nínú rẹ̀: aṣọ ọba, ilé, owó, ìsìn, ìsìnkú. Èdè náà kò gbẹ́yìn. Ó ya lẹ́tà wọn sínú ìwé, ogún ni, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì ti ń kà á bọ̀ wá sí òsì. Am, mem, nen ni mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó ní "Pornio" ni bàbá, "Ornio" ni ọ̀run, "Badi" ni ayé. Ó túmọ̀ Àdúrà Olúwa, Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ àti Òfin Mẹ́wàá sí i. Gírámà rẹ̀ ńkọ́? Ó ní bí ará Formosa bá ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, kì í lọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tó ti kọjá, á gbé ohùn sókè. Bó bá jẹ́ ohun tó ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀, á rẹ ohùn sílẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó bá ka ìyẹn kò ní fi ṣẹ̀sín. Àwa náà mọ̀ pé ohùn kì í ṣe ohun eré. "Ó wá" àti "ò wá", ohùn lásán ló wà láàárín wọn, síbẹ̀ ọ̀kan ní àlejò dé, èkejì ní kò dé. Orí ọkùnrin yìí pé; ká má purọ́ mọ́ òpùrọ́. Bó bá ṣe pé ó sọ pé, "Ẹ wá wo èdè tí mo fi ọgbọ́n orí mi hun," bóyá à bá máa dárúkọ rẹ̀ lónìí pẹ̀lú ti Zamenhof.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ni àwòpadàsẹ́yìn. Àwọn ọlọ́lá ń pè é wá jẹun. Ó ń jẹ ẹran tútù níṣojú wọn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé. Lóru, orí àga ló ń jókòó sùn, pẹ̀lú fìtílà tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àwọn aládùúgbò lè máa rò pé ìwé ló ń kà. Wọ́n mú un lọ síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Royal Society. Àlùfáà Faransé kan wà níbẹ̀, Fontaney, tó ti gbé Ṣáínà fún ọdún púpọ̀. Ó ní Ṣáínà ló ni Formosa. Psalmanazar ní irọ́ ni, Jàpáánì ló ni ín. Onímọ̀ ìràwọ̀ tó ń jẹ́ Edmond Halley náà gbìyànjú. Ó bi í bóyá oòrùn ọ̀sán gangan máa ń tàn gba inú ihò èéfín ilé wọn wọlé tààrà, nítorí ẹni tó bá mọ ibi tí Formosa wà mọ̀ pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí ní rárá. Nígbà tí wọ́n ní kó ṣàlàyé, ó ní ihò èéfín ilẹ̀ wọn wọ́ ni, wọn kì í ṣe é ní gígùn. Kí lẹ tún fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ?

Nígbà tó dàgbà, ó jẹ́wọ́ pé òfin kan ló ràn òun lọ́wọ́: ohun tí òun bá ti sọ lẹ́ẹ̀kan, òun kò ní yí i padà láé, bó ti wù kó jọ wèrè tó. Òfin yìí ló mú mi dé orí kókó ọ̀rọ̀ mi. Nínú ohun tó sọ ni pé àwọn ará Formosa ń fi ọkàn ọmọkùnrin 18,000 rúbọ lọ́dọọdún. Wọ́n ní, "Ọ̀gbẹ́ni, bí wọ́n bá ń pa ọmọ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún, ṣé erékùṣù náà kò ti ṣófo?" Nítorí òfin rẹ̀, kò dín ẹyọ ọmọ kan kù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé àti Jámánì.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè wa. Ẹni tó ní irọ́ yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù nìkan ló ń rò. Lóòótọ́, àwọn yẹn gbádùn ara wọn, ìran ni wọ́n fi ọkùnrin yìí wò. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni Formosa ńkọ́? Àwọn bàbá àti ìyá wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí wọ́n ń gbé ọmọ wọn pọ̀n, tí wọ́n ń roko, tí wọ́n ń pẹja. Wọn kò mọ̀ pé ní ìlú kan tí wọn kò gbúròó rẹ̀ rí, wọ́n ti di apọmọjayé. Ta ló máa bá wọn sọ ọ́? Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ti Lọ́ńdọ̀nù tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹnì kan tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu rẹ̀ yẹn gan-an kì í ṣe ará ibẹ̀.

Èyí tó sì ń dùn mí jù ni pé èdè Formosa tòótọ́ wà, ó sì ti wà nínú ìwé. Àwọn ará Họ́láǹdì ti ṣe ìjọba apá kan erékùṣù náà láti 1624 títí di 1662. Àwọn àlùfáà wọn kọ́ èdè àwọn Siraya, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó nilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Candidius, kọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí níbẹ̀. Ẹlòmíràn, Daniel Gravius, túmọ̀ Ìhìn Rere Mátíù sí èdè Siraya, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Amsterdam ní 1661. Ìyẹn ju ogójì ọdún lọ kí Psalmanazar tó gbé tirẹ̀ jáde, òkun kékeré ló sì wà láàárín Amsterdam àti Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ẹni tó sáré lọ wá ìwé yẹn kí wọ́n fi díwọ̀n irọ́ tí wọ́n ń gbọ́. Psalmanazar tilẹ̀ ta ko Candidius nínú ìwé rẹ̀, ó sì já a nírọ́. Àlejò ìlú ń bá ẹni tó gbé ìlú jiyàn! Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ẹ wo bí èdè tòótọ́ ṣe ń rí. Ẹ̀ka èdè Táíwàn wọ̀nyẹn ní ẹbí káàkiri òkun. Ojú ni "mata" nínú èdè Siraya. "Mata" náà ni ojú lẹ́nu àwọn Màléè, lẹ́nu àwọn ará Filipíìnì, àti ní erékùṣù Fiji. Ọwọ́ ni "rima" lẹ́nu Siraya, òun náà ni wọ́n ń pe àrún, nítorí ìka márùn-ún. Àwọn Màléè ń pe àrún ní "lima", àwọn ará Hawaii náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè gbà pé láti Táíwàn ni ìdílé èdè ńlá yìí ti gbéra wọ inú ọkọ̀ ojú omi, títí tó fi dé Madagásíkà níhìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ Áfíríkà. Gẹ́gẹ́ bí ará Ìgalà àti Ìtsẹkírì ṣe máa pe "ojú" tí ọmọ Yorùbá á fi gbọ́ pé ẹbí òun nìyí, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n "Pornio" àti "Badi", ta ni ẹbí wọn? Wọn kò ní bàbá, wọn kò ní ìyá, wọn kò ní ọmọ ìyá lókè òkun. Inú orí ẹnì kan ni wọ́n ti jáde, orí náà ni wọ́n sì kú sí.

Èdè Siraya náà rí ìyà tirẹ̀. Fún nǹkan bí àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn tí Họ́láǹdì ti lọ, àwọn Siraya ṣì ń fi lẹ́tà tí wọ́n kọ́ wọn kọ ìwé àdéhùn ilẹ̀ ní èdè ara wọn. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni èdè Ṣáínà bò ó mọ́lẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, ó ti kúrò lẹ́nu ojoojúmọ́. Lóde òní, àwọn ọmọ Siraya kan ń sapá láti jí i dìde. Kí ni wọ́n ń tú wò? Ìwé Mátíù ti 1661 yẹn náà ni. Ẹ rò ó wò. Bó bá ṣe pé ìwé Psalmanazar nìkan ló kù láyé, inú ẹnu òpùrọ́ ni àwọn ọmọ yẹn ì bá ti máa wá ohùn ìyá ńlá wọn.

Nígbà tí mo bá rò ó dé ibẹ̀, mo máa ń dúpẹ́ fún tiwa. Samuel Àjàyí Crowther tó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé ní 1843, ọmọ Òṣogùn ni, ó mu èdè náà mọ́ ọmú. Ní 1846, ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí ogun ẹrú ti yà wọ́n. Bí Crowther bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ tí yóò ní, "Àjàyí, a kì í pè é bẹ́ẹ̀." Ohun tí mo ń pè ní èdè nìyẹn. Ibi tí ẹnì kan ti lè sọ fún ọ pé o ṣì í wí, tí wàá sì gbà. Psalmanazar kò ní ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò tilẹ̀ fẹ́ kí ó wà.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ronú pìwà dà o, kò sì yẹ kí n fi ìyẹn pamọ́. Òkìkí rẹ̀ wọmi. Ó di akọ̀wé tí ń bá àwọn òǹtẹ̀wé ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ òòjọ́, ó kọ́ èdè Hébérù dáadáa, ó sì di ẹni tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run. Samuel Johnson, ọ̀gá nínú àwọn akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tí ń bá gbogbo ayé jiyàn, a máa bá a jókòó nílé ọtí, ó sì bọ̀wọ̀ fún un bí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù. Psalmanazar kú ní 1763. Ìwé ìjẹ́wọ́ tó kọ sílẹ̀ jáde ní ọdún kejì. Ó jẹ́wọ́ tán, ó tọrọ ìdáríjì, ó ní kí wọ́n sin òun bí wọ́n ṣe ń sin tálákà. Síbẹ̀, kò sọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Títí di òní, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ohun mìíràn wà tó ń yọ mí lẹ́nu nínú ìjẹ́wọ́ náà. Ìgbà tó kọ́kọ́ tú àṣírí ara rẹ̀ nínú ìwé, ní 1747 ni, nínú ìwé ńlá kan lórí àwọn ilẹ̀ ayé, tí òun àti àwọn akọ̀wé mìíràn jọ kọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ kan Formosa, ó kọ ọ́ pé irọ́ ni Psalmanazar pa. Ṣùgbọ́n bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló ń sọ ni ó ṣe kọ ọ́. Nígbà tó ń purọ́, orúkọ rẹ̀ wà lójú ìwé gàgàrà. Nígbà tó ń ṣàtúnṣe, ó fara pamọ́ sẹ́yìn ìwé ńlá. Mo ka ibẹ̀, ojú tì mí, nítorí mo mọ irú ẹni tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ọ̀gá mi ní kí n lọ kọ nǹkan nípa ìlú kékeré kan tó wà ní erékùṣù láàárín ọ̀sà. Ọjọ́ méjì ló fún mi. Mo dé etí omi, òjò ń rọ̀, ọkọ̀ ojú omi kò gbéra. Ọjọ́ kejì, ìjì tún ń jà. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù olóúnjẹ, mo bi ọkùnrin kan tó ń ta nẹ́ẹ̀tì ìpẹja ní ọ̀rọ̀ mélòó kan, mo sì padà sí Èkó. Mo kọ ọ́ bí ẹni tó débẹ̀. Kí ó lè dùn, mo fi ìkíni wọn sí i. Mo ní báyìí ni wọ́n ń kíra láàárọ̀, báyìí ni wọ́n ń kí ẹni tó ti odò dé, báyìí ni ìyàwó ń dá ọkọ lóhùn. Èmi ni mo hun gbogbo rẹ̀. Mo mú ọ̀rọ̀ wa, mo lọ́ ọ níbí, mo gé e lọ́hùn-ún, mo fi ohùn ẹ̀rín sí i. Wọ́n fi orúkọ mi gàdàgbà sókè rẹ̀. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé wá pé ó pa àwọn lẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ti dàgbà nídìí iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, bàbá arúgbó kan wá béèrè mi ní ọ́fíìsì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fún wọn ní àga. Wọ́n mú ìwé ìròyìn náà jáde nínú àpò agbádá, wọ́n ti ká a sí mẹ́rin.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo kọ èyí?"

Mo ní, "Èmi ni, bàbá."

Wọ́n fi ìka sí ibi ìkíni náà. "Ta ló kí ọ báyìí?"

Mo dákẹ́.

Wọ́n ní, "Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Tíṣà ka ìwé yìí ní kíláàsì ọmọ-ọmọ mi níbí ní Èkó. Láti ọjọ́ náà, ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń kí i láràárọ̀ nìyí, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí pé, 'Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń kíra nílé?' Mo ní rárá. Ó ní, 'Ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé ìròyìn.'"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti gbọ́ èébú rí nídìí iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti halẹ̀ mọ́ mi rí. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó gbólóhùn ọmọ yẹn. Ọmọ náà ní bàbá ńlá rẹ̀ lójú, ó ń fetí gbọ́ ọ lẹ́nu onílé, síbẹ̀ ìwé tèmi ló fẹ́ gbàgbọ́. Mo ti jí ohùn ìlú ọmọ ọlọ́mọ lọ, mo sì fi ti inú orí mi dípò.

Mo tọrọ àforíjì. Bàbá náà dìde, wọ́n ní, "Bó o bá wá, a ó kí ọ. Wàá fetí ara rẹ gbọ́." Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ṣe àtúnṣe nínú ìwé ìròyìn lóòótọ́: ìlà mẹ́rin, nísàlẹ̀ ojú ewé tí wọ́n ń tẹ ìpolówó sí. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Ta ló máa rí i? Dájúdájú, tíṣà yẹn kò kà á ní kíláàsì.

Nítorí náà, ohun tí mo rí kọ́ rèé. Irọ́ kì í tóbi nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Ó ń tóbi nígbà tí a bá fi pa ohùn ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹni tó ń purọ́ mọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ó ń gba ewu. Wọ́n lè já a. Ẹni tó ń purọ́ mọ́ ará ọ̀nà jíjìn, kò gba ewu kankan. Ìyẹn ló sì fi burú jù. Ìjẹ́wọ́ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí a bá fi agogo kéde irọ́, a kò gbọdọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sọ òtítọ́. Purọ́ n níyì, ẹ̀tẹ́ ní í mú wá. Ẹni tó bá sì ti rí ẹ̀tẹ́, kó gbé e dé ibi tó ti gba iyì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kan oníwèé ìròyìn nìkan. Àwa ará ìlú ńlá, ẹ jẹ́ ká yẹ ara wa wò. Ẹnu wa kì í sinmi níbi ká máa sín ará oko jẹ. Nínú bọ́ọ̀sì, nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n, níbi ayẹyẹ, a ó ní báyìí ni Àgànyìn ṣe ń sọ̀rọ̀, báyìí ni Gàmbàrí ṣe ń pe ọ̀rọ̀, báyìí ni àwọn ará etí omi ṣe ń kíra. Mélòó nínú wa ló ti jókòó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn? Mi ò ní ká má ṣe àwàdà. Àwàdà dùn, ayé kò sì gbọdọ̀ le koko bí ojú ẹja. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa ṣe é níbi tí onítọ̀hún ti lè gbọ́, kó sì fèsì. Bí a kò bá lè ṣe é lójú rẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe àwàdà.

Mo lọ sí ìlú náà níkẹyìn. Ojú ọjọ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn, omi sì pa rọ́rọ́. Bàbá yẹn ló jókòó síwájú ilé. Wọ́n kí mi. Mo dá wọn lóhùn, mo ṣì í pè. Àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún un pè fún mi. Mo tún un sọ, ó ní ó kù díẹ̀. Ìgbà kẹta ni mo tó gbà á. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń kíra níbẹ̀. Owó ọkọ̀ ojú omi kò wọ́n. Ẹ wọkọ̀, kí ẹ lọ gbọ́ ọ lẹ́nu onílé.